Ta Ni Ó Ń Ya Ta? Ọkọ, Aya àti Àwòrán ní Èkó

Ọ̀rọ̀ ayàwòrán tí ó ya ara rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ tàbí aya rẹ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Àṣà yìí ti pẹ́ ní òkè òkun. Ní nǹkan bí 1609 ni Rubens ya ara rẹ̀ àti Isabella Brant, ìyàwó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé. Ọkọ ni ó mú búrọ́ọ̀ṣì. Aya ni a yà. Báwo ni ó ti rí ní Èkó tiwa?

Ọ̀dọ̀ Aina Onabolu ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde ni a bí i sí ní 1882, ṣùgbọ́n Èkó ni iṣẹ́ rẹ̀ ti gbilẹ̀. Ní 1906, nígbà tí kò tíì kọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé-ìwé kankan, ó ya obìnrin gbajúmọ̀ kan ní Èkó, Mrs Spencer Savage. Kì í ṣe aya ayàwòrán, aya ẹlòmíràn ni. Síbẹ̀ àwòrán náà ju ọ̀ṣọ́ ilé lọ. Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé ènìyàn dúdú kò lè ya ojú ènìyàn bí ó ti rí gan-an. Ojú obìnrin yìí ni Onabolu fi dá wọn lóhùn. Ó di 1920 kí ó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí orúkọ àwòrán náà: orúkọ ọkọ ni. Orúkọ tí a sọ obìnrin yìí ní ọjọ́ ìkómọ kò sí níbẹ̀. Babatunde Lawal, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà, tú "àwòrán" sí à-wò-rántí, èyíinì ni ohun tí a ń wò kí a lè rántí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni àwòrán 1906 ń rán wa létí? Ó ń rán wa létí ọgbọ́n ayàwòrán àti orúkọ ọkọ. Ojú obìnrin náà nìkan ni ó kù sí wa lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún àti díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì bọ́ sí ọwọ́ aya. Njideka Akunyili Crosby, tí a bí ní Enugu ní 1983, kàwé ní Queen's College, Èkó, kí ó tó lọ sí Amẹ́ríkà; ó sì fẹ́ òyìnbó. Nínú Nwantinti, tí ó yà ní 2012, òun àti ọkọ rẹ̀ ni a rí nínú yàrá. Fọ́tò kéékèèké láti inú ìwé ìròyìn Nàìjíríà àti ti ẹbí rẹ̀ ni ó máa ń tẹ̀ mọ́ ara iṣẹ́ rẹ̀. Ó lọ sí ilé ọkọ, ṣùgbọ́n ó gbé ilé baba rẹ̀ dání. Orúkọ rẹ̀ pàápàá so ilé méjèèjì pọ̀.

Ẹnìkan lè wí pé àṣà ìgbà Onabolu ni ó tẹ̀ lé. Òótọ́ ni, a kò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá parẹ́, apá kan nínú ìtàn ilé rẹ̀ bá a lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rán àwọn ọmọ yín sí àwọn pálọ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí àwòrán àwọn ìyá àgbà wà lára ògiri. Kí wọ́n béèrè orúkọ àbísọ àti oríkì ìyá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn àwòrán náà, nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè.