Ẹ̀rù Nísàlẹ̀, Iyì Lókè

Bí a bá kúrò ní Òkè-Ọdẹ, tí a forí lé ìhà gúúsù, tí a gba Òmù-Àrán kọjá, a ó dé ibi tí ilẹ̀ Ìgbómìnà àti Èkìtì ti pààlà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé Ẹpa jó nígbà ọdún. Igi kan ṣoṣo ni agbẹ́gilére fi ń gbẹ́ ẹ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ìkòkò tí ó bo orí oníjó: ojú rẹ̀ yọ síta, ẹnu rẹ̀ là gbàgà bí ti iwin. Ṣùgbọ́n ìyálọ́mọ, ọba tàbí jagunjagun orí ẹṣin ni ó jókòó sókè.

Moshood Bámigbóyè ará Kájọlà jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Ó sì kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Òmù-Àrán ní ọnà gbígbẹ́. Ní 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ àwọn iṣẹ́ rẹ̀.

Nínú ilé àpàtẹ, ère náà dúró jẹ́ẹ́. Nílé, oníjó ní láti rù ú fò gun òkìtì. Bí ó bá ṣubú, àmì ibi ni fún ìlú. Kì í ṣe ojú iwin ni ó ń já àwọn àgbà láyà. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé kí iyì tí ojú náà rù má baà wó lulẹ̀.