Ta Ni Ó Ni Ilé-Ìwé Ìjọ? Àwọn Àgùdà Èkó àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Wọn

Bí ènìyàn bá ka ìwé ìtàn tí àwọn òyìnbó ajíhìnrere kọ nípa ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí yóò rí níbẹ̀ ni orúkọ àwọn fáàdá, ọdún tí wọ́n dé, àti àwọn tí ibà pa nínú wọn. Bí ó bá sì ka ìwé ìjọba, òfin ni yóò bá pàdé: òfin ti 1882, òfin ti 1887, òfin ti 1926, pẹ̀lú owó tí ìjọba yọ̀ǹda. Ohun tí kò hàn gbangba nínú oríṣi ìwé méjèèjì ni àwọn ènìyàn tí wọ́n ń jókòó nínú ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mọ odi, tí wọ́n sì tú àpò wọn kí ọmọ lè kàwé. Nítorí èyí ni ó fi di àṣà láti máa wí pé òyìnbó ni ó gbé ilé-ìwé wá fún wa, bí ìgbà tí a gbé oúnjẹ síwájú ẹni tí ó jókòó tẹtẹrẹ. Èrò mi nínú àròkọ yìí ni láti fi hàn, nípa ìtàn àwọn Àgùdà ìlú Èkó, pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àti pé bí a kò bá mọ àwọn tí ó ru ẹrù ilé-ìwé ìjọ láti ìbẹ̀rẹ̀, a kò lè fi òdodo dá ẹjọ́ tí ó wà lórí rẹ̀ títí di òní.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ tú orúkọ náà palẹ̀. Lónìí, bí a bá pe ènìyàn ní Àgùdà, ọmọ Ìjọ Kátólíìkì ni a ń wí. Ṣùgbọ́n ní Èkó àtijọ́, àwọn tí a mú lẹ́rú lọ sí Bùràsílì àti Kúbà, tí wọ́n gba òmìnira, tí wọ́n sì padà wálé, ni à ń pè bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe àwọn tí ó ti ìlú Freetown dé ní Sàró. Ọmọ Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n tẹ̀dó sí apá Èkó tí à ń pè ní Pópó Àgùdà, wọ́n sì mú iṣẹ́ ọwọ́ bọ̀ láti òkè òkun: bíríkìlà wà nínú wọn, gbẹ́nàgbẹ́nà wà, aránṣọ wà. Wọ́n mú èdè Pọtogí bọ̀, wọ́n sì mú orúkọ bí da Silva, da Rocha àti da Costa bọ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó jẹ́ ọmọ Ìjọ Kátólíìkì, nítorí pé àwọn Mùsùlùmí wà láàrin wọn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó jẹ́ ọmọ Ìjọ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ wọn fi di orúkọ ìsìn náà lẹ́nu gbogbo Yorùbá.

Kí fáàdá kankan tó wá gbé Èkó ni ìjọ ti wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan tí ó ti ṣẹrú rí, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Padre Antonio, ni ó ń kó wọn jọ. Bíṣọ́ọ̀bù kankan kò fi í jẹ àlùfáà, síbẹ̀ ó ń ṣáájú wọn nínú àdúrà, ó ń ṣe ìrìbọmi fún àwọn ọmọ wọn, ó sì ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Ní ọdún 1863 ni Fáàdá Francesco Borghero, ọmọ Ítálì kan tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ ajíhìnrere tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Lyon ní 1856, ti Ouidah ní ilẹ̀ Dàhọ̀mì wá bẹ Èkó wò. Ìjọ ni ó bá níbẹ̀. Kì í ṣe òun ni ó dá a sílẹ̀. Ó di 1868 kí Fáàdá Pierre Bouche tó wá láti máa gbé àárín wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí ọdún márùn-ún tí ó wà láàrin ìbẹ̀wò ti 1863 àti ìbùdó ti 1868. Láàrin ìgbà náà, kò sí àlùfáà tí ń gbé ìlú, kò sì sí owó òkè òkun tí ń wọlé déédéé. Síbẹ̀ ìjọ kò tú ká. Àwọn ènìyàn ni ó ń dúró de fáàdá, kì í ṣe fáàdá ni ó ń wá ènìyàn kiri.

Nígbà tí ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀, orí ìpìlẹ̀ yìí ni a gbé e lé. Èdè Pọtogí ni a kọ́kọ́ fi ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ilẹ̀ Faransé ni púpọ̀ nínú àwọn fáàdá, tí ìlú sì ti bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti 1861. Kí ni ó fa èyí? Èdè àwọn òbí ni. Bí ó bá ṣe pé ilé-ìwé náà jẹ́ ohun tí àlejò gbé kalẹ̀ bí ó ti wù ú nìkan, èdè àlejò náà ni à bá gbọ́ níbẹ̀. Ẹ̀rí kékeré ni èyí lójú ẹni tí kò fara balẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ ní ilé náà.

Ẹ̀rí kejì wà nínú ilé kíkọ́. Ìjọ Holy Cross tí a ṣí ní 1881, tí gbogbo Èkó ń wò tìyanu-tìyanu, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà ni. Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre wà lára àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ tí ó kọ́ ọ. Irú ọgbọ́n ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kò mọ sí ìjọ nìkan: João da Costa, ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà, ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta Bey tí a ṣí ní 1894. Ní Tópò, lẹ́bàá Àgbádárìgì, àwọn fáàdá gba ilẹ̀ ní 1876, wọ́n dá oko sílẹ̀, wọ́n gbin àgbọn. Àwọn ọmọ tí a ń tọ́ níbẹ̀ ń kọ́ ìwé, wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ oko pọ̀ mọ́ ọn. Owó òkè òkun nìkan kò tó gbọ́ bùkátà. Ọwọ́ àti òógùn àwọn ènìyàn ilẹ̀ ni ó fi kún un. Àwọn baba wa sọ pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ó ṣòro fún ẹni òde òní láti mọ bí ìjọ àti ilé-ìwé ti lẹ̀ mọ́ ara wọn tó nígbà náà. Ní ibi púpọ̀, ilé kan ṣoṣo ni: a ń ka Mísà nínú rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, a sì ń ka á-bí-dí nínú rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Katikíìsì ni tíṣà. Tíṣà ni ó ń kọ́ àwọn akọrin. Agogo kan náà ni ó ń pe onígbàgbọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Bí ìkórè bá dé, iṣu, àgbàdo àti adìyẹ tí a mú wá síwájú pẹpẹ di owó tí a fi ń ra pákó àti páànù. Àwọn ẹgbẹ́ ọkùnrin àti ẹgbẹ́ obìnrin ń dá owó. Ẹni tí kò ní owó ń ru yanrìn, ń pọn omi. Àwọn obìnrin alátẹ tí wọn kò mọ̀wé, tí wọn kò lè ka orúkọ ara wọn, wà lára àwọn tí owó wọn gbé tíṣà ró. Nínú irú ìgbé-ayé bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń béèrè ta ni ó ni ilé-ìwé. Ìbéèrè náà kò tíì ní ìtumọ̀.

Owó ìjọba ni ó fún un ní ìtumọ̀. Láti 1877, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fún ìjọ mẹ́ta tí ó ní ilé-ìwé ní Èkó, èyíinì ni C.M.S., Wẹ́síléè àti Kátólíìkì, ní £200 lọ́dọọdún fún ìkọ̀ọ̀kan. Òfin ti 1882, èyí tí a ṣe nígbà tí a ń ṣàkóso Èkó pọ̀ mọ́ Gold Coast, yí ọ̀nà náà padà: iye ọmọ tí ó wá sí ilé-ìwé àti bí wọ́n ti ṣe dáradára tó nínú ìdánwò ni a óò máa fi díwọ̀n owó ìrànlọ́wọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni òfin náà kà sí. Èdè Pọtogí kò mówó wá, èdè Yorùbá pẹ̀lú kò mówó wá. Díẹ̀díẹ̀ ni èdè Pọtogí kúrò ní ilé-ìwé, tí ó sì kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ. Nígbà tí ó yá, inú orúkọ ìdílé, oúnjẹ àti àríyá ọdún nìkan ni a ti ń gbúròó rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fi ipá gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n gbà, ìrànlọ́wọ́ náà sì ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó ń tọ̀.

Èmi kò wí pé kí wọ́n má gbà á. Ìjọ tí ó kọ owó náà ì bá rí i pé àwọn ọmọ rẹ̀ kò rí iṣẹ́ akọ̀wé, nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ mìíràn ń rí i. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé láti 1877 ni ilé-ìwé ìjọ ti ní olówó kejì, àti pé olówó kejì yìí ń lágbára sí i lọ́dọọdún. Òfin ti 1926 sọ ọ́ di dandan kí a forúkọ tíṣà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ní 1928, Monsignor Arthur Hinsley, ẹni tí Póòpù rán láti bẹ iṣẹ́ ìjọ wò ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, gba àwọn ajíhìnrere nímọ̀ràn ní Dar es Salaam pé bí ọwọ́ wọn kò bá ká méjèèjì, kí wọ́n jẹ́ kí ilé ìjọsìn dúró ná, kí wọ́n tún ilé-ìwé ṣe. Ọdún náà gan-an ni a dá St. Gregory's College sílẹ̀ ní Èkó.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní 1955, àwọn ọmọ tí ó wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ní 800,000 ní ọdún kan náà. Èkó, tí ó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, tẹ̀lé e ní 1957. Kò sí ìkórè ìjọ tí ó lè gbọ́ bùkátà irú ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀. Owó orí gbogbo aráàlú ni ó lè ṣe é. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ ní àwọn ọdún 1970, ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ asán. Wọ́n wí pé Mùsùlùmí àti abọ̀rìṣà pẹ̀lú ń san owó orí tí a fi ń san owó oṣù tíṣà. Èé ṣe tí ìjọ kan yóò fi máa pàṣẹ lé wọn lórí? Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí a gbàgbé ìbẹ̀rù àwọn òbí Mùsùlùmí ìlú Èkó pé bí ọmọ wọn bá wọ ilé-ìwé ìjọ, yóò jáde pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ìbẹ̀rù náà wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba ṣí ilé-ìwé Mùsùlùmí ní Èkó ní 1896, àti lára ohun tí ó mú kí a dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀ ní 1923. Ẹgbẹ́ náà dáwó, ó kọ́ ilé-ìwé tirẹ̀, bí àwọn Àgùdà ti ṣe ṣáájú.

Ṣùgbọ́n ìjọ pẹ̀lú ní ẹjọ́ láti rò. Ilẹ̀ ni wọ́n gbà, ilé ni wọ́n kọ́, òkú àwọn tí ó kọ́ ọ sì wà ní ibojì. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta 1980, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé òun yóò fòpin sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni. Archbishop Anthony Okogie àti àwọn mìíràn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, àwọn adájọ́ sì wí pé ẹ̀tọ́ láti dá ilé-ìwé sílẹ̀ wà lára òmìnira tí òfin ilẹ̀ wa fún ọmọ ènìyàn láti sọ èrò rẹ̀ àti láti tan ìmọ̀ kálẹ̀. Ní 2001, ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ìwé padà fún àwọn tí ó dá wọn sílẹ̀, St. Gregory's College wà lára wọn.

Ǹjẹ́ ìdápadà yìí ti dáhùn ìbéèrè wa? Lójú tèmi, ó dá ìwé-ẹ̀rí ilẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kò dá ohun tí ó jẹ́ kí ilé-ìwé náà jẹ́ ti ìjọ padà. Owó tí àwọn òbí ń san nísinsìnyí ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ga ju agbára alátẹ tí ó ń jókòó sí ẹ̀yìn ìjọ lọ. Ọmọ irú obìnrin tí owó rẹ̀ gbé tíṣà ró nígbà kan lè má rí àyè níbẹ̀ mọ́. Bí ìjọ bá wí fún ìjọba pé, “Tiwa ni, nítorí àwọn baba wa ni ó dá owó tí a fi kọ́ ọ,” òtítọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n òtítọ́ náà ní ìdajì kejì. Àwọn baba náà kò dá owó kí ọmọ ọlọ́rọ̀ nìkan lè kàwé. Wọ́n dá a kí ọmọ gbogbo wọn lè kàwé, olówó àti tálákà, nítorí pé ẹrú ni púpọ̀ nínú wọn ti jẹ́ rí, wọ́n sì mọ ohun tí àìmọ̀ ń fojú ènìyàn rí.

Nítorí náà, bí a bá bi mí ta ni ó ni ilé-ìwé ìjọ, ìtàn kò jẹ́ kí n dárúkọ fáàdá nìkan, tàbí ìjọba nìkan, tàbí ìjọ nìkan. Ẹni tí ó ni ín ni ẹni tí ó bá ń ru ẹrù rẹ̀. Nígbà tí àwọn Àgùdà ń ru ú, tiwọn ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fáàdá òyìnbó ni ó ń pàṣẹ. Nígbà tí owó orí gbogbo ìlú gbé e rù, ti gbogbo ìlú ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ẹni mímọ́ ṣì wà lára ògiri. Bí ìjọ bá sì fẹ́ kí ó padà jẹ́ tirẹ̀ ní tòótọ́, ìwé ìjọba kò tó: àfi kí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí dá owó fún ọmọ ẹlòmíràn, bí àwọn tí ó ti Bùràsílì dé ti ṣe. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn Àgùdà àkọ́kọ́ kọ́ ilé, wọ́n sì kọ́ ọmọ. Ọ̀kan nínú méjèèjì kò tó.