Ìsìláàmù, Ọrọ̀-Ajé àti Ìyípadà Ìṣèlú ní Ìlọrin

Ọpẹ́ ni fún Allāhu, Ọba tí ó pa á láṣẹ nínú Súrátù Jumu'ah pé bí a bá ti kírun tán, kí a túká lọ wá oore Òun. Ẹ̀yin ará mi, mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé kan pé ẹ̀sìn wa ni kò jẹ́ kí ìlú gòkè, pé ìtẹríba nìkan ló kọ́ wa. Ìtàn Ìlọrin kò sọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìran Ṣéhù Àlímì gba ìjọba ní nǹkan bí 1823, ìlú yìí di ojúko àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Haúsá àti ti Yorùbá. Àwọn Gàmbàrí ló ń kó òkúta pupa wá, tí àwọn oníṣẹ́ wa fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ laǹtànà. Lágboolé kan náà ni ọmọ ti ń kọ́ wàláà, tí ó sì ń kọ́ òfì. Àfáà púpọ̀ ló ń fi iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ara agbádá jẹun. Kì í ṣe sàráà nìkan ni wọ́n ń jẹ o!

Ní Èrèlé 1897 ni kọ́ńpìnnì òyìnbó oníṣòwò, Royal Niger Company, fi ìbọn ṣẹ́gun wa. Lẹ́yìn náà ni owó orí àti kóòtù Native Authority bọ́ sọ́wọ́ àwọn díẹ̀.

Èyí ló bí Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ láàárín 1950 sí 1960. Ẹ wo orúkọ yẹn: Haúsá ni tálákà, Yorùbá ni parapọ̀. Ta ló lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ọmọ Ìlọrin? Mùsùlùmí ni wọ́n, Mùsùlùmí náà ni àwọn tí wọ́n ń bá du àṣẹ. Wọ́n sì jọ ń kírun Jímọ̀ ni. Ẹni tó bá ní Ìsìláàmù kọ́ wa láti dákẹ́, kó dáhùn èyí.

Nígbà tó di 1957, àwọn àti Action Group ló pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ìjọba Àríwá tú ìgbìmọ̀ náà ká ní 1958. Lójú tèmi, ohun tó dín agbára wọn kù ni pé ọ̀rọ̀ owó orí àti ìdájọ́ di ọ̀rọ̀ ààlà, wọ́n ní kí Ìlọrin bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn. Ìgbìmọ̀ Willink ní 1958 kò sún ààlà náà. Ìgbà tó di 27 May 1967, ìjọba ológun dá ìpínlẹ̀ tí a wá ń pè ní Kwara sílẹ̀, Ìlọrin di olú-ìlú, àwọn ọmọ wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ ìjọba ju òfì lọ.