Ṣé O Mọ̀ Ọ́n Ni, Àbí O Gbà Á Gbọ́?

Ìbéèrè kan wà tí mo ti dáhùn títí tó fi sú mi. Tí mo bá ti sọ pé fìlọ́sọ́fì ni mo kà ní yunifásítì, ẹni tó ń bi mí á rẹ́rìn-ín, á ní, "Kí ni wọ́n wá ń fi ìyẹn ṣe?" Dádì mi náà béèrè. Mi ò rí èsì gidi fún wọn. Ìtàn tòní ló yẹ kí n ti sọ fún wọn nígbà náà.

Ilé-Ifẹ̀ ni ká ti mú un. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n John Olubi Ṣódípò wà lára àwọn tó ń kọ́ni ní fìlọ́sọ́fì ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tó di Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987. Lásìkò yẹn, àwọn onímọ̀ òyìnbó kan ń kọ ọ́ pé àwọn àgbà wa kì í béèrè ẹ̀rí, pé ohun tí bàbá bá sọ lọmọ ń gbà mì káló.

Ṣódípò àti Barry Hallen, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kò jiyàn nínú ọ́fíìsì. Wọ́n lọ bá àwọn oníṣègùn ní Ẹ̀kìtì. Wọn ò béèrè ewé, wọn ò béèrè egbò. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń béèrè: ìgbà wo lèèyàn lè sọ pé "mo mọ̀"? Ìgbà wo ló yẹ kó sọ pé "mo gbà á gbọ́"?

Èsì àwọn bàbá náà le o. Ohun tí ojú rẹ rí, tí o wà níbẹ̀ tó ṣẹlẹ̀, ìyẹn ni ìmọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fún ọ, ìgbàgbọ́ ni. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: o gbọ́, o sì gbà. Tí ohun tí o gbọ́ bá ṣeé dán wò, tí o dán an wò tó rí bẹ́ẹ̀, ó di ìmọ̀. Tí kò bá ṣeé dán wò, ẹ jọ jókòó, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá ẹ ó fi í sí "ó ṣeé ṣe".

Gẹ̀ẹ́sì ò le tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilé ìwé tí kò dé Lọ́ńdọ̀nù rí, tó kàn ka ìwé, tó yege ìdánwò, Gẹ̀ẹ́sì á ní ó "mọ" ohun tó kà nípa Lọ́ńdọ̀nù. Lójú àwọn oníṣègùn yẹn, ìgbàgbọ́ lásán ni. Ta wá ni kì í béèrè ẹ̀rí?

Wọ́n tẹ ìwé wọn, *Knowledge, Belief and Witchcraft*, jáde ní 1986. (Àjẹ́ wà nínú àkọlé lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá tìtorí àjẹ́ rà á á kọ́kọ́ sùn lórí gírámà.) Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní 1997, W. V. O. Quine ti Harvard ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Láti 1960 ni Quine ti ń sọ pé kò dájú pé ọ̀rọ̀ èdè kan bá ti èdè mìíràn mu déédéé. Ẹ̀kìtì gbé àpẹẹrẹ kan jáde tó ṣeé fọwọ́ bà.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ní kíláàsì náà nìyẹn: di ọ̀rọ̀ mú, bi í pé ibo ló ti wá, má sọ ju ohun tí ẹ̀rí rẹ gbé lọ. Mo kọ́ ọ, mo yege. Síbẹ̀, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ podcast, ohùn kan ń lọ kiri lórí WhatsApp pé télọ̀ kan ládùúgbò wa ń gbé ọmọ pamọ́. Mo bá ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fa ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Gbogbo èèyàn ló mọ̀." A gbé e síta, èmi ni mo sì fi ẹnu ara mi sọ pé "a mọ̀ pé".

Kò sọ́mọ kankan tó sọnù. Àmọ́ wọ́n ti fọ́ gíláàsì ìsọ̀ bàbá náà, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ti sá. A yọ ètò náà kúrò, a tọrọ àforíjì lórí èyí tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà mo lọ bá a. Mo dọ̀bálẹ̀. Aṣọ ló ń rán, kò dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

Ó ní, "Ta ló rí mi nínú yín?"