Ògidì Fíìmù àti Ẹ̀dà Rẹ̀ ní Ouagadougou

Ọdún 1989 ni wọ́n dá Ilé Ìpamọ́ Fíìmù Áfíríkà sílẹ̀ ní Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso. Abẹ́ FESPACO ni ó wà, àjọ̀dún fíìmù tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú náà ní ọdún 1969. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó fíìmù àwọn ọmọ Áfíríkà jọ, kí ó sì tọ́jú wọn. Kí ìtàn rẹ̀ tó lè yé ni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ògidì àwòrán àti ẹ̀dà rẹ̀.

Bí wọ́n bá fọ fíìmù tí a fi kámẹ́rà yà, nẹ́gátíìfù ni ó máa ń jáde. Òun ni ògidì. Àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yorùbá mọ èyí dáadáa: oníbàárà a gba fọ́tò lọ, nẹ́gátíìfù a sì kù sọ́dọ̀ ayàwòrán, tí yóò fi tẹ òmíràn nígbà tí wọ́n bá tún béèrè. Bákan náà ni ti sinimá. Olóòtú kì í gé nẹ́gátíìfù bó ṣe wù ú. Ẹ̀dà iṣẹ́ ni ó ń gé, tí ó ń lẹ̀. Àwọn nọ́ńbà kéékèèké wà ní etí fíìmù, wọ́n sì máa ń hàn lára ẹ̀dà náà. Bí iṣẹ́ olóòtú bá parí, àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ni wọn yóò tẹ̀ lé láti gé ògidì gan-an, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní àkókò tí Gaston Kaboré ṣe *Wend Kuuni* ní 1982, tí Idrissa Ouédraogo sì ṣe *Tilaï* ní 1990, Yúróòpù, pàápàá Paris, ni wọ́n ti ń fọ ọ̀pọ̀ fíìmù ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ibẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú àwọn nẹ́gátíìfù kù sí. Nípa bẹ́ẹ̀, ilé ìpamọ́ lè ní fíìmù kan láìní ògidì rẹ̀, kí ó jẹ́ ẹ̀dà tí ẹ̀rọ gbọ̀ngàn sinimá ti ha lára ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ iyì lọ, nítorí ẹni tí ògidì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó lè tẹ ẹ̀dà tuntun tí ó mọ́.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, òjò tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 263 rọ̀ sí Ouagadougou láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Omi ya wọ ọgbà FESPACO, ó sì ba nǹkan jẹ́ nínú ilé ìpamọ́. Omi kì í ṣe ọ̀rẹ́ fíìmù: ìpele tí ó gbé àwòrán a wú, bí ó bá sì gbẹ ní wíwé, ara rẹ̀ a lẹ̀ mọ́ra. Ooru náà ní tirẹ̀. Fíìmù tí ó ti ń bàjẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin a máa rùn bí ọtí kíkan.

Láti ọdún 2017, FEPACI, ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe fíìmù ní Áfíríkà, ti ń bá UNESCO àti The Film Foundation ti Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ láti tún àwọn fíìmù àtijọ́ ṣe; *Soleil Ô* ti Med Hondo wà lára wọn. Ẹ̀rọ ni ó ń sọ fíìmù di fáìlì kọ̀ǹpútà. Àwòrán kan ṣoṣo lè tó mẹ́gábáìtì 51, àwòrán 24 sì ni ó wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fíìmù ìṣẹ́jú 90 yóò gba tẹ́rábáìtì mẹ́fà ó lé. Olóòtú kì í fọwọ́ kan ògidì níbí náà: ẹ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń lò, sọ́fítíwìà a sì kọ gbogbo ìpinnu rẹ̀ sínú fáìlì kékeré mìíràn. Bí ẹnìkan bá yí orúkọ ògidì padà, tàbí tí ó gbé e kúrò níbi tí ó wà, sọ́fítíwìà kò ní rí i mọ́, bí ìgbà tí nọ́ńbà etí fíìmù bá parẹ́. Fáìlì kì í rùn, ṣùgbọ́n dísìkì a máa kú láìsọ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ni àwọn olùtọ́jú ṣe máa ń pa ògidì mọ́ ní ẹ̀dà méjì tàbí mẹ́ta, tí wọn kì í sì í kó gbogbo wọn sí abẹ́ òrùlé kan náà.