Àwọn Tó Mọ Ọ̀nà

Afọ̀nàhàn tó mú wa gun òkè Adó-Àwáyè kò wọ bàtà. Àwa ọmọ ilé ìwé tó ń tẹ̀lé e ni a wọ bàtà kánfáàsì, tí a gbé ike omi dání, tí àwọn kan tilẹ̀ dé fìlà nítorí oòrùn. Kí a tó dé ìdajì àtẹ̀gùn, a ti ń mí gúlegúle. Àtẹ̀gùn náà lé ní 350. Mo kà á, mo sì ṣì í kà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà n kò ní sọ iye rẹ̀ gan-an. Bàbá náà kàn jókòó sórí àpáta níwájú wa, ó ń jẹ orógbó, ó ń dúró dè wá. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan bojú wẹ̀yìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bàbá sọ fún un pé, "Má wo ìsàlẹ̀ mọ́, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ ẹni tó ṣáájú rẹ ni kí o máa wò."

Adó-Àwáyè kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n ni Ìyákẹ̀, adágún omi tó wà lórí òkè níbẹ̀. A dúró létí rẹ̀, a ya fọ́tò, gẹ́gẹ́ bí gbogbo àlejò ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe omi náà ló mú mi lọ́kàn jù. Bí a ti ń lọ, bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ibi pẹrẹsẹ kan, ó ní, "Ibí ni ilé wà." Ilé wo? Ó ṣàlàyé pé orí òkè ni àwọn baba ńlá wọn ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ síbi tí ìlú wà lónìí. Ogun ló gbé wọn gòkè. Ní ayé ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹṣin ni ọ̀pọ̀ jagunjagun gbójú lé, ẹṣin kò sì lè gun àpáta. Ẹni tó bá wà lókè yóò ti rí eruku ogun láti ọ̀nà jíjìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Olúmọ ṣe gba àwọn Ẹ̀gbá ní 1830, àwọn ará Ìdànrè náà sì wà lórí òkè tiwọn títí di 1923. Àwa sanwó kí wọ́n tó jẹ́ kí a gun òkè tí àwọn kan gùn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ẹrù lórí.

Nínú bọ́ọ̀sì, bí a ti ń padà sí Ìsẹ́yìn láti sùn, olùkọ́ ìtàn wa béèrè ẹni tó kọ́kọ́ dé orí òkè Everest. Gbogbo wa pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé Edmund Hillary ni. Wọ́n ní, "Òun nìkan?" Ọ̀mọ̀bìnrin kan ṣoṣo ló rántí Tenzing Norgay, ọmọ ẹ̀yà Sherpa, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn méjèèjì jọ dé ibẹ̀ ni, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1953. Olùkọ́ wa tún mú wa lọ sí Kilimanjaro ní Tanzania, òkè tó ga jù ní ilẹ̀ Áfíríkà, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 5,895 mítà. Ìwé sọ pé Hans Meyer, ará Jámánì, àti Ludwig Purtscheller, ará Austria, ló kọ́kọ́ dé ṣóńṣó rẹ̀ ní 1889. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ilẹ̀ náà ló mú wọn gba inú igbó kọjá, tí wọ́n sì ru ẹrù wọn. Ọ̀kan tí àwọn ará Tanzania ń dárúkọ títí di òní ni Yohani Kinyala Lauwo, ọmọ ẹ̀yà Chagga. Lónìí, àwọn àlejò láti gbogbo ayé ń gun òkè náà, bí wọ́n bá sì sọ̀ kalẹ̀, wọn a lọ wo kìnnìún àti erin. Wọ́n ń pe ìyẹn ní safari. Ọ̀rọ̀ Swahili ni, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ìrìn àjò lọ.

Olùkọ́ wa wá ní, "Ní Òkè-Ògùn tiwa yìí ńkọ́? Ta ló mú òyìnbó gba ibí kọjá?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé délé.

Hugh Clapperton ni òyìnbó náà, ọmọ Scotland tó jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbéra ní Àgbádárìgì ní oṣù Kejìlá 1825, Sókótó ló ń lọ. Kò tíì rìn jìnnà tí àìsàn fi pa méjì nínú àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ń lọ. Òun fúnra rẹ̀ àti ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander, ẹni tí kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ, ń ṣàìsàn lemọ́lemọ́. Báwo ni irú wọn ṣe la gbogbo òkè àti odò yìí kọjá? Láti ìlú dé ìlú, ọba tàbí baálẹ̀ ló ń fún wọn ní ẹṣin àti alárùú. Ìlú tiwa, Ṣakí, wà lójú ọ̀nà náà. Chaki ni Clapperton kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní 1826, wọ́n dé Ọ̀yọ́ Ilé, tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga. Aláàfin Májọ̀tú ló wà lórí oyè.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Clapperton lò níbẹ̀. Ó mọ̀ pé odò Ọya kò jìnnà mọ́, ó sì fẹ́ dé ibẹ̀ tààrà, ṣùgbọ́n ọba kò gbà. Ó ní ọ̀nà kò dára, ogun wà níbẹ̀. Òyìnbó tó ní ìbọn, tó ní ẹ̀rọ tó ń tọ́ka àríwá àti gúúsù, kò rí ọ̀nà lọ àyàfi èyí tí onílé fi hàn án. Ọ̀nà Kaiama àti Bussa ló padà gbà. Orúkọ Pasko, ọmọ Haúsá tó ń ṣe ògbufọ̀ rẹ̀, wà nínú ìtàn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Yorùbá tó ru àpótí rẹ̀ gba àárín àwọn òkè Ṣakí, nínú ìwé ìtàn tí a ń lò ní kíláàsì, kò sí orúkọ ẹyọ kan nínú wọn. Ó ṣeé ṣe kí baba ńlá ẹnìkan nínú kíláàsì wa wà lára wọn. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ tèmi.

Nígbà tí mo ń wá ìdáhùn kiri, mo bá ìtàn mìíràn pàdé tó dùn mọ́ mi ju ti Clapperton lọ. Ó wà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921. Ní ayé àtijọ́, àwọn Nupe lé ọba Ọ̀yọ́ kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé, ó wá di pé Ìgbòho ni àwọn Aláàfin ń gbé. Mẹ́rin nínú wọn ni wọ́n sin síbẹ̀. Nígbà tó kan Aláàfin Àbípa, ó ní òun yóò padà sílé baba òun. Àwọn ìjòyè kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n ti kọ́lé sí Ìgbòho, ara ti tù wọ́n. Wọ́n wá kó abuké, àfín àti àwọn aláàbọ̀ ara mìíràn lọ fi pamọ́ sórí òkè ní Ọ̀yọ́ Ilé. Ní òru, nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ ọba dé láti wo ibẹ̀, àwọn wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri pẹ̀lú iná lọ́wọ́, wọ́n ń ké pé kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Àwọn ìránṣẹ́ sá padà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àti iwin ti gba ìlú.

Ọba ronú sí i, ó rán ọdẹ mẹ́fà. Àwọn ọdẹ kò sá. Wọ́n mọ bí ẹranko ṣe ń dún lórí àpáta lóru, wọ́n mọ bí ènìyàn ṣe ń dún. Wọ́n gun òkè náà, wọ́n yí wọn ká, wọ́n sì kó gbogbo wọn wá sọ́dọ̀ ọba. Wọ́n ní ọba fi wọ́n pamọ́ títí di ọjọ́ tí àwọn ìjòyè pé jọ, ó wá ní kí iwin kọ̀ọ̀kan gbé ọtí fún ọ̀gá tó rán an. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń pe Àbípa ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú ọ̀rọ̀. Àánú àwọn tí wọ́n lò bẹ́ẹ̀ ṣe mí, nítorí kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n fẹ́ di iwin. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ ọdẹ nínú rẹ̀. Ọba kò mọ ohun tó wà lórí òkè, àwọn ọdẹ ló lọ wò ó fún un kí ó tó lè padà sílé baba rẹ̀.

Wọ́n padà lóòótọ́, Ọ̀yọ́ Ilé sì di olú ìlú tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ń sìn. Nígbà tí Clapperton dé ibẹ̀, ó ti ń bàjẹ́ bọ̀. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà púpọ̀ tí Aláàfin Olúẹ̀wù kú nínú ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀, àwọn ènìyàn tú ká, Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí gúúsù. Koríko bo ààfin. Ẹranko wọlé.

Nígbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ní 1936, wọ́n ya igbó Òkè Ògùn sọ́tọ̀, ní 1941 wọ́n ya ti Ọ̀yọ́ Ilé sọ́tọ̀. Ní 1952 àwọn méjèèjì di igbó ìpamọ́ ẹranko. Ní 1991 ni ìjọba àpapọ̀ sọ wọ́n di Old Oyo National Park, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ibẹ̀ ni a lọ ní ọjọ́ kejì, láti ìhà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rì. Afọ̀nàhàn tuntun yìí jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, ó wọ aṣọ iṣẹ́ àti bàtà ńlá. Ó ní kí a má ṣe lo lọ́fínńdà, kí a sì dákẹ́, àṣẹ kejì yẹn ló ṣòro fún kíláàsì wa. A rí ìjímèrè lórí igi. A rí ẹtù tó ń sáré níwájú ọkọ̀. A rí imàdò kan àti ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, gbogbo wọn na ìrù sókè. Ẹsẹ̀ ẹfọ̀n nìkan ni a rí nínú ẹrọ̀fọ̀, ó tó àwo ìjẹun. Kí n sọ òótọ́, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí imàdò tó wà láàyè. Ní Ṣakí, ẹran ìgbẹ́ tí mo mọ̀ ni èyí tí wọ́n ti yan tí wọ́n tò sórí àtẹ lẹ́bàá títì. Nítorí náà, n kò bá àwọn tó ní kí ìjọba ṣí igbó náà sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀ kan náà.

Ṣùgbọ́n a kò dé Ọ̀yọ́ Ilé. Olùkọ́ wa ní ibẹ̀ jìnnà, bọ́ọ̀sì wa kò lè gba ọ̀nà náà, ọjọ́ sì ti lọ. Ó dùn mí débi pé n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ṣakí.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo ròyìn fún bàbá wa àgbà. Ọdẹ ni wọ́n kí ojú wọn tó di bàìbàì. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. "Ẹ rí imàdò, ẹ ò rí ààfin."

Mo ní, "Ẹ̀yin ti dé ibẹ̀ rí, Bàbá?"

Wọ́n ní bàbá àwọn ló mú àwọn lọ, nígbà tí àwọn wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méjìlá. Wọn kò pa ẹran lọ́jọ́ náà, oyin ni wọ́n ń wá kiri. Wọ́n rí odi ìlú, èyí tí ó ti di ebè gíga tí igi hù lé lórí. Wọ́n rí àwọn igi oṣè ńláńlá. Wọ́n rí àpáta tó ní kòtò róbótó-róbótó níbi tí àwọn obìnrin ayé ijọ́un ti ń lọ nǹkan, wọ́n sì rí àfọ́kù ìkòkò káàkiri ilẹ̀. Bàbá wọn ṣí fìlà kí ó tó kọjá, ó ní kí àwọn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí igbó ti di ti ìjọba, wọn kò padà lọ mọ́. Mo béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti wá bi wọ́n ní ọ̀nà ibẹ̀ rí. Wọ́n ní, "Ta ni yóò bi mí?"

Mo mú ìwé àjákọ mi jáde. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà ilẹ̀ iyanrìn ni wọ́n fi ìka ya ọ̀nà náà sí, mo ń tàn wọ́n níná, mo sì ń dà á kọ: odò tí a ó kọ́kọ́ là, àpáta tó dà bí ẹni tó jókòó, ibi tí ọ̀nà ti yà sọ́wọ́ òsì. Àwọn odò kan wà tí wọ́n dárúkọ tí n kò rí lórí àwòrán ilẹ̀ kankan. Ó gbà wá títí iná fi lọ tí ó tún dé. Nígbà tí a parí, mo béèrè orúkọ bàbá wọn, mo kọ ọ́ sókè ojú ìwé náà. Mo ní mo fẹ́ kọ tiwọn náà sísàlẹ̀ rẹ̀, kí n sì fi méjèèjì sínú àròkọ ìdíje tí mo ń kọ.

Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ. Ní ti ìwé tí gbogbo ayé yóò kà, wọ́n ní kí n ṣì ní sùúrù, a kì í pe orúkọ ọdẹ kiri bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní tí mo bá ti dé ibẹ̀ tí mo sì padà, kí n wá béèrè.