Henry William Stiegel

Henry William Stiegel (ọjọ́ 13, oṣù Karùn-ún, ọdún 1729 – ọjọ́ 10, oṣù Kìíní, ọdún 1785) jẹ́ oníṣòwò ọmọ Jámánì tó ń fi irin ṣe sítóòfù ní Pennsylvania nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá, síbẹ̀ "Baron" ni wọ́n ń pè é nítorí ayé fàájì tó jẹ.

Ìléru Elizabeth

Ìtòsí ìlú Cologne ni wọ́n bí i sí. Ní ọdún 1750, òun, ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi dé Philadelphia. Ní 1752, ó fẹ́ Elizabeth, ọmọ Jacob Huber tó ní ìléru ìyọ́rin ní agbègbè Lancaster. Nígbà tó yá, òun àti àwọn alájọṣe rẹ̀ ra ìléru náà, ó sì fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ pè é. Elizabeth kú ní 1758.

Sítóòfù

Èédú ni wọ́n fi ń yọ́ òkúta irin. Wọ́n á tẹ pátákó tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí mọ́ iyanrìn, wọ́n á da irin tó yọ́ sójú àpá rẹ̀. Bó bá tutù, ọnà náà àti orúkọ Stiegel á hàn lára rẹ̀. Sítóòfù onírin pẹlẹbẹ márùn-ún kò wà fún oúnjẹ: ara ògiri ló ń wà, ibi ìdáná yàrá kejì ni wọ́n ti ń koná sí i, kí ilé lè móoru lásìkò yìnyín. Onírin mẹ́wàá ló ń dá dúró, tó sì láyè tí wọ́n ti ń yan oúnjẹ.

Gíláàsì àti gbèsè

Owó sítóòfù ló fi bá àwọn alájọṣe rẹ̀ tẹ ìlú Manheim dó ní 1762, tó sì fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gíláàsì. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bu owó orí lé gíláàsì ní 1767, tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ ọjà òkèèrè, ọjà tirẹ̀ yá. Ó kọ́ iléeṣẹ́ ńlá sí i ní 1769, gbèsè ló sì fi kọ́ ọ. Wọ́n fagi lé owó orí náà ní 1770, gíláàsì òkèèrè sì padà wọlé. Lọ́tìrì tó ta kò gbà á là. Ní 1774, iléeṣẹ́ náà kógbá wọlé, wọ́n sì ti Stiegel mọ́lé nítorí gbèsè. Ó jáde, ṣùgbọ́n òṣì ló kú sí.

Ìrántí

Ní 1772, ó fún ìjọ Lutheran ní Manheim nílẹ̀ lówó ṣílè márùn-ún, pẹ̀lú òdòdó róòsì pupa kan lọ́dọọdún. Ìjọ náà ṣì ń san òdòdó yìí fún àwọn ìran rẹ̀. Gíláàsì rẹ̀ kò ní àmì, ó sì ṣòro láti dá mọ̀ yàtọ̀ sí tẹlòmíràn. Sítóòfù tó sọ ọ́ dọlọ́rọ̀ ló ń jẹ́rìí rẹ̀ jù.